Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ ìwé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fáwọn èèyàn tí wọn ò fi ní sùn lọ, pàápàá tó bá jẹ́ sáì-fáì

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a máa ń kàwé l'Óṣogbo yìí, a mọ ìwé kà, sísọ ẹ̀ fún ẹlòmíì ni wàhálà. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí irú ẹ̀ rí: ẹnì kan á ka ìwé tán, inú ẹ̀ á máa dùn, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù téló ní Òkè-Fíà, á bẹ̀rẹ̀ látojú ìwé àkọ́kọ́, "ọkùnrin kan wà, ó wá jí láàárọ̀, ó wá lọ síbi iṣẹ́, ó wá pàdé obìnrin kan, obìnrin yẹn wá..." kó tó sọ dé ìdajì ẹnì kan ti ń tẹ fóònù, ẹlòmíì ń béèrè pé ṣé wọ́n ti mú iná wá, téló fúnra ẹ̀ ti padà sídìí máṣíìnì. Ìwé yẹn lè dáa gan-an o, bó ṣe gbé e kalẹ̀ ni ò dáa. Sáì-fáì, ìyẹn ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì, ló sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù, torí ayé inú ẹ̀ ò jọ tiwa, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa ṣàlàyé gbogbo ẹ̀rọ àti gbogbo ìlú tó wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀ á ṣú, ẹ ò sì tíì dénú ìtàn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ nìyí: ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí òǹkọ̀wé yẹn yí padà nínú ayé, ẹ sọ ọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ nǹkan tójú àwọn èèyàn inú ìwé rí nítorí ẹ̀. Ó tán. Gbogbo èyí tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, àlàyé lórí ẹ̀ náà ni.

Àtìgbà tẹ́ ẹ bá ń kà á lọ́wọ́ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi bébà kan sínú ìwé, kódà kó jẹ́ rìsíìtì tí wọ́n fún yín níbi tẹ́ ẹ ti ra epo, kí bíró wà nítòsí. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ gígùn, nọ́ńbà ojú ìwé àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó: ibi tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín, ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé irọ́ lèyí, àti ibi tẹ́ ẹ ti pa ìwé dé díẹ̀ tẹ́ ẹ kàn ń wo òrùlé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju àwọn tó kù lọ, torí ibẹ̀ ni ìwé ti mú yín gan-an. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ má gbára lé sikirínṣọ́ọ̀tì o, á lọ há sáàárín fọ́tò aṣọ ẹbí àti ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ò ní rí i mọ́ láyé. Tó bá sì jẹ́ ìwé oníwèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bíró fàlà sínú ẹ̀, ìyẹn ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ n fi Rosewater ṣàpẹẹrẹ. Tade Thompson ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni, ìwé yẹn jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, ẹ̀bùn ńlá sì ni nídìí sáì-fáì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kọ́ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ o, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹ̀bùn sún àga mọ́ yín. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé:

"Ọdún 2066 ni, ní Nàìjíríà wa níbí. Nǹkan abẹ̀mí kan tó wá látojú sánmà ti wọlẹ̀ lọ, ó wá hu nǹkan kan sókè bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó tóbi, kò sì sẹ́ni tó lè wọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń là díẹ̀, ẹni tó bá sì wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn, àìsàn ara ẹ̀ á lọ. Làwọn aláìsàn bá kó ẹrù wá, wọ́n pàgọ́ yí i ká, kò sí ṣáláńgá, kò sí gọ́tà, gbogbo ibẹ̀ ń rùn, ni wọ́n bá sọ ibẹ̀ ní Rosewater."

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ òórùn dídùn yẹn ṣe, ẹ dẹ̀ jẹ́ kó ṣe wẹ́kú, ẹ má ṣàlàyé ẹ̀. L'Óṣogbo, ẹ ò tiẹ̀ ní í nílò láti sọ ju báyìí lọ. Ìlú tó jẹ́ pé tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti dé lóṣù kẹjọ, èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì látọ̀nà jíjìn wá pọnmi nínú igbó Ọ̀ṣun kí ọmọ lè dé, kí ara lè yá, ta ló máa bi yín pé kí ló dé táwọn yẹn fi lọ pàgọ́ síbẹ̀? Nínú gbogbo ìwé tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ wá irú ibi báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé ti kan nǹkan tí ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn má wá sọ pé Ọ̀ṣun ni òǹkọ̀wé ń bá wí, ìyẹn ti di pípurọ́ mọ́ ìwé.

Ó wá ku ohun tójú wọn rí. Ìwòsàn inú ìwé yẹn ò mọ́ tónítóní, ara àwọn míì á tò lódì, òkú á dìde ṣùgbọ́n kò ní sí ọkàn nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá mú nǹkan kékeré kan tó ṣeé fojú rí. Tèmi ni ti báńkì. Kaaro tó ń sọ ìtàn yẹn lè wọnú ọkàn ẹlòmíì, báńkì wá gba òun àtàwọn bíi tiẹ̀ síṣẹ́ torí àwọn olè tó ń jí àṣírí àkáǹtì látinú orí kọ́sítọ́mà. Ṣé ẹ mọ nǹkan tí wọ́n fi ń dínà mọ́ olè? Ìwé kíkà ni. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ka ìwé Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, sókè, kó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń kà yẹn nìkan ni olè tó bá ń fetí sínú ọkàn àwọn èèyàn máa gbọ́. Oríṣiríṣi èèyàn ni mo ti sọ ìwé yìí fún, ìdí báńkì yìí ni wọ́n ti máa ń dá mi dúró, "dúró ná, inú orí?", ọmọ kan tó ń ṣe POS tiẹ̀ ní wọ́n ń jí i báyìí náà láìwọnú orí ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe yẹ kó gùn tó? Tẹ́ ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ ní Ọláìyá, ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ohun tí òǹkọ̀wé yí padà àti nǹkan kékeré kan tán kẹ́ ẹ tó sọ̀ ní Òkè-Fíà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sí i á béèrè.

Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì inú ẹ̀ ńkọ́? Ibí lọ̀pọ̀ ti máa ń sá, wọ́n á ní àwọn ò ka sáyẹ́ǹsì níléèwé. Kò kan ìyẹn. Ẹ mú The Martian tí Andy Weir kọ, èyí tó fúnra ẹ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011 kí ilé iṣẹ́ ìwé ńlá tó wá gbé e jáde ní 2014. Ohun tó yí padà ò ju pé èèyàn ti ń lọ sórí Mars, ayé míì tó ń yí oòrùn po bíi tiwa, wọ́n wá fi ọkùnrin kan sílẹ̀ síbẹ̀ torí wọ́n rò pé ó ti kú. Oúnjẹ ò lè tó o. Ó wá rí pòtétò tútù tí wọ́n kó wá fún ọdún Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó ru yẹ̀pẹ̀ Mars wọlé, ó fi ìgbẹ́ ṣe ajílẹ̀, ó ń fa omi jáde látinú epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ hydrazine, ló bá bú gbàmù mọ́ ọn lójú. Tẹ́ ẹ bá sọ èyí fún ẹni tó ń dáko lọ́nà Ìkìrun, ó lè kọ́kọ́ bi yín pé, ìgbẹ́ èèyàn, ṣé kò ní kó àrùn bá a? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn sì wà nínú ìwé: kòkòrò tó wà nínú tiẹ̀ ti ń gbé lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàwọn tí wọ́n jọ wá tí wọ́n ti lọ sì ti gbẹ pátá, kòkòrò inú ẹ̀ ti kú. Àǹfààní rìsíìtì yẹn nìyí, ẹ máa lè ṣí ojú ìwé ibẹ̀ fún un.

Kẹ́ ẹ wá sọ ibi tí kò ti jóòótọ́ náà. Ìjì tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà inú ìwé yẹn, tó fẹ́ ti rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ṣubú, ò lè lágbára tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ Mars fẹ́lẹ́ gan-an, agbára tó fi ń tẹ nǹkan ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, rọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló fẹ́ tì ṣubú? Weir fúnra ẹ̀ ti sọ pé òun mọ̀, òun ṣáà ń wá ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Èkejì ni iyọ̀ olóró kan tí wọ́n ń pè ní perchlorate tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀rọ Phoenix tí NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú sánmà ní Amẹ́ríkà, rán lọ sí Mars ló rí i ní 2008, ṣùgbọ́n pòtétò inú ìwé hù bíi pé kò síbẹ̀. Omi lè fọ̀ ọ́ kúrò, ìyẹn ò dùn mí. Òfin tèmi lórí irú ẹ̀ ni pé irọ́ tí òǹkọ̀wé fi kó èèyàn sí wàhálà, mo lè gbà á, irọ́ tó bá fi yọ ọ́ nínú wàhálà ni mi ò kì í gbà. Ẹ̀yin náà ẹ wá tiyín, kẹ́ ẹ dì í mú, kí àwọn tó ń gbọ́ yín mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí.

Ìparí ìwé, ẹ má tú u o. Ẹ bi ẹni yẹn léèrè tẹ́lẹ̀: ṣé o máa kà á? Tó bá ní òun máa kà á, ẹ dúró síbi tí wàhálà ti ń gbóná, ẹ má kọjá ibẹ̀ bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Tó bá ní òun ò ní kà á, ẹ sọ ọ́ tán fún un, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹlòmíì wà nítòsí tó ń dọ́gbọ́n gbọ́.

"Ó dùn gan-an" kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kí ló dùn níbẹ̀? Ta ló máa bá lára mu? The Three-Body Problem tí Liu Cixin ará Ṣáínà kọ, tó gba ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ńlá míì nídìí sáì-fáì, ní 2015, ayé kan wà níbẹ̀ tó ní oòrùn mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀gbà tí oòrùn máa yọ tàbí ìgbà tí gbogbo nǹkan máa dì bíi yìnyín, orí mi wú nígbà tí mo débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú ẹ̀, ká má purọ́, wọ́n gbẹ, wọ́n kàn ń ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fúnra wọn ni. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò, mo máa ní kó lọ kà á lónìí. Ẹni tó fẹ́ kí ìwé pa òun lẹ́kún, mi ò ní dámọ̀ràn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò kà á tán, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti pa á dé, ìyẹn náà ń ran èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà wá ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ní àjèjì tó wá látojú sánmà balẹ̀ sínú òkun l'Ékòó, bàbá kan á ní "ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?" Ẹ má bínú, ẹ má sì sọ fún un pé kò yé e. Ẹ ní "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ jẹ́ n sọ ibì kan ṣá." Lagoon ni ìwé tí mò ń wí yìí, Nnedi Okorafor ló kọ ọ́, ó jáde ní 2014, Bar Beach gan-an ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀, ẹja ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹja tẹ́nu ẹ̀ rí ṣóńṣó bí idà tó ń lọ gún páìpù epo nísàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ lẹ máa mú fún bàbá, ẹ mú ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ fúnra ẹ̀ ti dìde tó ń jẹ èèyàn. Ẹni tó ti ń rìnrìn àjò ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn láti kékeré, kó tó yá á ti fi àdúrà dá yín lóhùn pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ó ti wọnú ìwé nìyẹn, kò sì mọ̀.

Ó tún lè ní Fágúnwà ti kọ irú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ má bá a jiyàn, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938, ẹ ní kó sọ ti Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún fún yín, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé Fágúnwà ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé, Àgbákò wà, ó tán, sá. Òǹkọ̀wé sáì-fáì ló gbọ́dọ̀ sọ bí ojú yẹn ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo èèyàn máa gbà pẹ̀lú mi, ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré ńlá nì, ti dá ilé àṣà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962 ò lè ṣàìní àgbà tó máa já mi nírọ́.

Fún ìwé tí kì í ṣe sáì-fáì, ọ̀nà kan náà ni, kìkì pé ilé kan ló yí padà, kì í ṣe ayé. Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, 2017, Iléṣà tó wà nítòsí wa níbí ni: ìyàwó tó ń jẹ́ Yéjídé ò tíì bímọ, wọ́n wá mú ìyàwó míì wọlé bá a. Nǹkan kékeré ibẹ̀ ni ìgbà tí Yéjídé fa ewúrẹ́ funfun gun orí òkè àdúrà, tí wọ́n ní kó fún un lọ́mú. Ẹ sọ ìyẹn ní Ọjà Ọba, kẹ́ ẹ wo bí àwọn ìyá á ṣe fọwọ́ lérán.

Tẹ́ ẹ bá wá yá èèyàn níwèé náà, ẹ kọ orúkọ yín sójú ìwé kan láàárín, kì í ṣe iwájú nìkan, torí èèpo máa ń já. Tí onítọ̀hún bá kà á tán tó padà dé, ẹ pa ẹnu mọ́, òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ má tíì béèrè pé "àbí ó dùn?" Ẹ bi í pé níbo ló ti pa ìwé dé, tó ń wo òrùlé.