Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí géèmù bá ní kí ẹ yan rere tàbí búburú

Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Under-G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo máa ń yà sí nírọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, The Witcher 3 ló ń gbá. Ó ti dé ìdí igi kan lórí òkè, ẹ̀mí kan tí wọ́n sé mọ́ abẹ́ igi náà sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tú òun sílẹ̀, pé bó bá tú òun sílẹ̀, òun á gba àwọn ọmọ aláìlóbìí kan là lọ́wọ́ àwọn àjẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ pa wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ọmọ yìí ń fi ọwọ́ òsì da gúgúrú sẹ́nu, ó ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀rọ̀ lè tètè kọjá, ló bá tú ẹ̀mí sílẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó rí ọkùnrin kan tó ti pokùn so lórí igi nínú ọgbà ilé ara rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú. Obìnrin náà ló ń bá àwọn àjẹ́ tọ́jú àwọn ọmọ yẹn, àwọn àjẹ́ ló sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí àwọn ọmọ tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe?" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìkánjú ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Nínú irú géèmù báyìí, ọ̀rọ̀ gan-an ni ìjà, ẹni tó bá ń fo ọ̀rọ̀ ti fi idà rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ilé iṣẹ́ CD Projekt Red ti ilẹ̀ Poland tó gbé géèmù náà jáde ní 2015 mọ̀ọ́mọ̀ dẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ọmọ yìí pa ẹ̀mí náà ni, ìyàwó ì bá yè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ á ti dàrú, ọkọ ì bá mú un lọ wá oníṣègùn lọ́nà jíjìn. Àmọ́ àwọn ọmọ ti lọ nìyẹn. Bó sì ṣe tú u sílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹ̀mí náà lọ pa abúlé kan run. Nítorí náà, ẹ má kàn bi ara yín pé "Èwo ló dáa?" Ẹ bi ara yín pé "Ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀?" Ìbéèrè kejì yẹn ló ń mú kí èèyàn rọra tẹ bọ́tìnnì.

Ohun tí ọmọ náà ṣe tẹ̀ lé e ló burú jù lójú tèmi. Ó padà síbi tó ti save tẹ́lẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ní kí géèmù tọ́jú ibi tó gbá a dé. Ó pa ẹ̀mí náà, ó wá rí i pé àwọn ọmọ ò sí mọ́, ó tún fẹ́ padà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ti gbẹ, kò sẹ́ni tó ń kú mọ́ níwájú rẹ̀, ó ti di ìṣirò. Mo mọ̀ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, dandan ni ká máa save léraléra, torí iná lè lọ nígbàkígbà. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìpadàsẹ́yìn mọ sórí ọjọ́ tí iná bá lọ tàbí tí géèmù bá dákú. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, ẹ jẹ́ kó wà.

Géèmù kan tilẹ̀ wà tó ń mú ẹni tó bá sá padà. Undertale ni, Toby Fox ló ṣe é, ní 2015 kan náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Toriel, tó ń fà ọ́ lọ́wọ́ bí ìyá, tó sì wá dínà mọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn pé o ò ní jáde. Àwọn kan á pa á, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á dá a sí. Òdòdó kan tó ń jẹ́ Flowey á wá dúró níwájú wọn, á ní òun mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ńṣe ni mo gbé pádì sílẹ̀.

Ẹ má sì lọ máa wo ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó yàn. Ẹlòmíì ló gbá géèmù yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àṣìṣe tèmi gan-an ni pé mo rò pé ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan kò tíì yàn. Nínú Dragon Age: Origins, tó jáde ní 2009, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Redcliffe, tí òkú ń jí dìde wá gbógun tì lálaalẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí, mo ní mò ń bọ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wá idà tó dáa sí i níbòmíì. Nígbà tí mo padà dé, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀, ìlú ti tán. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú Baldur's Gate 3 ti 2023. Ilé èrò kan ń jó, bí ẹ bá rí i tí ẹ wá lọ pàgọ́ sùn, ilẹ̀ á mọ́ bá òkú àwọn tó há sínú rẹ̀.

Fable ti 2004 ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní àṣìṣe mìíràn. Bí o bá ń ṣe rere, ìmọ́lẹ̀ á yọ lórí rẹ, bí o bá ń ṣe ibi, ìwo á hù. Látìgbà náà, àwọn kan ti pinnu kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ pé "rere ni mo máa ṣe jálẹ̀", wọn ò sì tún rò ó mọ́. Ṣebí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá? Ìtàn ìlú wa sọ pé Ògúnlọlá ṣèèyàn pa, wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ Aláàfin bí ọ̀daràn. Òun náà ló gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, wálé, tí ìlú fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Ìwo ni kó hù lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni, àbí ìmọ́lẹ̀?

Ultima IV ti Richard Garriott, 1985, gbọ́n ju ìyẹn lọ. Afọ́jú kan ń ta èròjà oògùn níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa tẹ iye tí o san. Bí o bá rẹ́ ẹ jẹ, kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n géèmù ti kọ ọ́ sílẹ̀, wàá sì kàn án níwájú. Láyé àtijọ́, ẹ̀bá ọ̀nà oko ni àwọn ìyá wa ń pàtẹ ọjà sí, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìgbà tí mo rí afọ́jú yẹn, òkúta wọ̀nyẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ti ọmọ wa, iná lọ kó tó padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó ṣí géèmù, ó wo àwọn ibi tó ti save lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ti àkọ́kọ́, èyí tí ọkùnrin yẹn so lórí igi.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yẹn yè, àbí?"

Mo ní wọ́n yè.

Ó sún gúgúrú rẹ̀ sápá kan.