Bí Mo Ṣe Sọ Ríìmù Ọkọ̀ Di Àdògán, àti Owó Tí Mo Kọ́kọ́ Fi Ṣòfò

Àdògán kẹta tí mo rà láàárín ọdún kan àtààbọ̀ ló lu nídìí níṣojú àlejò, tí ẹ̀yinná sì dà sílẹ̀ pẹ̀lú odindi ìkòkò ọbẹ̀. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, iná a sì jẹ ìdí rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, bẹ́ẹ̀ ₦7,000 ni mo ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ríìmù ọkọ̀ àlòkù ni n ó fi ṣe òmíràn, nítorí pé ohun tó ru ọkọ̀ láti Ṣakí dé Ìbàdàn kò lè ṣàìru ìkòkò àmàlà.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irin àlòkù, ó ta ríìmù kan tó ń dán fún mi ní ₦12,000, mo sì gbé e tọ wẹ́dà lọ kí ó jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Iná kò sí, èmi ni mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, síbẹ̀ fún odindi wákàtí kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kò lẹ̀: bí ó bá ti jó o tán ni yóò já bọ́, tí ojú ibẹ̀ yóò sì yọ́ wọnú bí òrí tí oòrùn pa. Mo ní iṣẹ́ kò yé e. Òun náà ní ayédèrú ni ọ̀pá ìjórin tí mo rà wá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló mú òòfà kan tó yọ lára gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́, ó gbé e lé ríìmù náà, òòfà tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ irin sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, àlùmíníọ̀mù nì yí o.”

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, èyí tó dùn mí ju kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Irin kì í jó mọ́ àlùmíníọ̀mù, àti pé bí a tilẹ̀ rí ọgbọ́n dá sí ti ẹsẹ̀, ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni àlùmíníọ̀mù ti ń yọ́, èédú tí a fẹ́ dáadáa sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó tà á kọ̀ láti gbà á padà. Àwọn tó ń yọ́ àlùmíníọ̀mù àlòkù dà sínú yanrìn láti fi ṣe ìkòkò ní Ṣakí ló gbà mí, ₦8,000 ni wọ́n sì san.

Ríìmù onírin tó ti dípẹtà, tí mo ti kọ́kọ́ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú, ni mo wá padà rà ní ₦5,000. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ̀ kí n tó mu omi tán. Àwọn ihò tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ọkọ̀ ń gba atẹ́gùn sí èédú láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ihò àárín ti fẹ̀ jù, nítorí náà ni a ṣe jó ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin dábùú rẹ̀. Ẹ dá iná ńlá sínú rẹ̀ níta kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó tán kí ẹ tó fi se oúnjẹ. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, iṣu ọjọ́ àkọ́kọ́ sì di ti ewúrẹ́. Ní tèmi, òòfà ti wà nínú àpò mi báyìí lọ́jọ́kọ́jọ́ tí mo bá ń lọ ra irin.

Àdògán náà ti lo òjò méjì láìlu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀, tí ìyàwó mi sì máa ń fi àpáàdì tì í bí ó bá fẹ́ ro àmàlà.