Tí March bá ti wọlé: ìtọ́jú pápá gọ́ọ̀fù àti koríko iwájú ilé ní Georgia

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní pápá gọ́ọ̀fù ní Georgia la kọ èyí fún, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé sí agbègbè Atlanta tí HOA (ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò) ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi nítorí koríko iwájú ilé. Iṣẹ́ kan náà ni jàre, ti pápá kàn tóbi ni, mọ́wà wọn (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko) sì wọ́n ju mọ́tò ẹlòmíì lọ. Koríko Bermuda tó wà ní ọ̀pọ̀ fairway (ibi gbọọrọ tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ síbi ihò) níbí náà ló wà níwájú ilé ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ò ju méjì lọ: oògùn èpò ò gbọdọ̀ pẹ́, ajílẹ̀ ò gbọdọ̀ yá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódìkejì, kí oòrùn kàn ràn fún ọ̀sẹ̀ kan péré ní February, wọ́n á ti sáré lọ gbé àpò ajílẹ̀, tó bá wá di May tí èpò tí wọ́n ń pè ní crabgrass ti gba gbogbo ilẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá oògùn kiri.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi kàlẹ́ńdà

Koríko ilẹ̀ ooru ni Bermuda, Áfíríkà ló ti wá. Kódà oríṣi Bermuda tó ń jẹ́ Tifway 419 tẹ́ ẹ̀ ń rí ní pápá gọ́ọ̀fù àti pápá bọ́ọ̀lù káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, ní Tifton ní Georgia níbí ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n gbé e jáde ní 1960, ọ̀kan nínú òbí ẹ̀ sì jẹ́ koríko South Africa. Torí náà tí ìrì dídì bá ti bọ́ lé e lórí, á gbẹ, á dà bíi páálí, àmọ́ ò kú o, ó sùn ni. Kì í jí dáadáa títí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ á fi gbóná tó nǹkan bíi 65°F, afẹ́fẹ́ sì lè gbóná tó 75 lọ́sàn-án kí inú ilẹ̀ ṣì wà ní 50. Ẹ ra tẹmọ́mítà ilẹ̀, ò wọ́n, ẹ tì í bọ ilẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀.

Crabgrass ò ní dúró de 65 ní tiẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti wà ní 55 fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, èso ẹ̀ ti ń hù nìyẹn. Oògùn tí wọ́n ń pè ní pre-emergent (ẹ máa rí prodiamine tàbí pendimethalin lára àpò ẹ̀) kí èpò tó yọjú ló ti ń ṣiṣẹ́, tí èpò bá ti jáde tán ẹ ti pẹ́ jù. Lápá Valdosta nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, February ló máa ń bọ́ sí, ní Atlanta sókè, ìbẹ̀rẹ̀ March. Tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn tán, ẹ bomi rin ín kó wọlẹ̀, torí tó bá jókòó sórí koríko gbígbẹ lásán, owó lẹ dà nù. Ẹ má fọ́n ọn síbi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ koríko tuntun sí, tàbí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbin èso koríko sí, torí kò mọ èpò yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ gbìn. Ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni òfin, bó ti pọ̀ tó níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì pe àwọn ọmọdé àti ajá wọlé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Augusta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo Masters, ìdíje gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń ṣe ní pápá Augusta National, ní April, mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè: kí ló dé tí Augusta National tutù yọ̀yọ̀ tí tiwa ṣì gbẹ, ṣebí Georgia kan náà ni? Ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn kì í ṣe Bermuda, ryegrass ni, koríko ilẹ̀ tútù tí wọ́n fọ́n èso ẹ̀ sórí Bermuda kí òtútù tó dé. Gríìnì wọn (ibi tí ihò bọ́ọ̀lù wà) sì jẹ́ bentgrass, koríko ilẹ̀ tútù mìíràn, wọ́n ri páìpù àti ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ ẹ̀ tó ń fa omi kúrò tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí gbòǹgbò. Wọ́n á tún wá ti pápá náà pa ní gbogbo ìgbà ooru. Ta ló ní agbára yẹn nínú wa? Tẹ́ ẹ bá fọ́n ryegrass sílé yín, tó bá di April òun àti Bermuda á jọ máa du omi àti oòrùn, Bermuda ló sì máa ń jìyà ẹ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, àsìkò ẹ̀ ń bọ̀.

Ìdí tí ajílẹ̀ fi gbọdọ̀ dúró

Nígbà tí Bermuda bá ń jí, gbòǹgbò àtijọ́ lè kú dànù kí tuntun tó jáde, oúnjẹ tó ti tọ́jú pamọ́ láti ọdún tó kọjá ló fi ń ta ewé. Tẹ́ ẹ bá da nitrogen, èròjà ajílẹ̀ tó ń mú ewé ta, sí i lásìkò yẹn, ẹ ń fi ipá mú un ta ewé tí gbòǹgbò ò tíì lè bọ́, tí ìrì dídì April bá wá tún bọ́, ewé yẹn á jó, gbogbo ìnáwó wọlẹ̀. Èpò ìgbà òtútù tó ṣì wà láàyè ló máa jẹ ajílẹ̀ yẹn jẹun.

Ẹ dúró kí gbogbo ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tán, ìparí April sí May. Páùn kan nitrogen ló tó fún 1,000 square feet. Tí àpò ajílẹ̀ 16-4-8 (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìdá nitrogen nínú ọgọ́rùn-ún) bá wọn páùn 50, páùn mẹ́jọ nitrogen ló wà nínú ẹ̀, ó ká 8,000 square feet nìyẹn, torí náà ẹ wọn ilẹ̀ yín, kẹ́ ẹ yọ ilé àti driveway kúrò. Láìmù (ìyẹ̀fun òkúta tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) ńkọ́? Ẹ má fọ́n ọn lójú lásán. Ẹ bu ilẹ̀ lọ fún ọ́fíìsì UGA Extension (ẹ̀ka ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Georgia) ní county yín kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Bermuda fẹ́ pH (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀) 6 sí 6.5, ilẹ̀ pupa wa níbí sì sábà máa ń kan.

Gígé àti lílu ihò

Kí ewé tuntun tó jáde, tí òtútù líle bá ti lọ, ẹ gé koríko gbígbẹ yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ kó ìdọ̀tí ẹ̀ kúrò kí oòrùn lè kan ilẹ̀. Ẹ pọ́n abẹ mọ́wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, abẹ tó ti kú máa ń fa koríko ya ni. Lẹ́yìn ìyẹn, íǹṣì kan sí méjì tó fún ilé. Fairway a máa wà ní nǹkan bíi ìdajì íǹṣì, gríìnì ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, àmọ́ mọ́wà reel (tí abẹ ẹ̀ ń yí bíi róólà) ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ẹ má dán an wò pẹ̀lú ti ilé.

Ihò lílu sínú ilẹ̀, kí atẹ́gùn lè dé gbòǹgbò, ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní pápá. Gríìnì tó bá jẹ́ bentgrass, March la máa ń lù ú tá a sì fi iyanrìn dí i, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa ráhùn pé bọ́ọ̀lù ń fò sọ́tùn-ún sósì, ẹ fara dà á. Bermuda ní tiẹ̀, ó di ìgbà tó bá ń dàgbà kíákíá, ìparí May sí June, torí tẹ́ ẹ bá lù ú nígbà tó ṣì ń sùn, èpò ló máa kó sínú ihò yẹn.

Òdòdó, igi àti omi

Azalea (igi kékeré olódòdó): tó bá ti tanná tán ni kẹ́ ẹ gé e. Ìgbà ooru ló ń múra òdòdó ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá gé e ní November ti gé òdòdó dànù. Ẹ má sì fún un ní láìmù. Ewé páìnì gbígbẹ tó ga tó íǹṣì mẹ́ta tó ní ìdí igi, kó má fara kan ìtí ẹ̀. Ibi tí igi ńlá bá ṣíji bò, ẹ gba kámú, Bermuda ò ní hù níbẹ̀, ewé páìnì náà ni kẹ́ ẹ tẹ́ síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí omi sprinkler (ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sí koríko) lẹ́yìn òtútù, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí páìpù má bẹ́, kẹ́ ẹ rìn yí i ká wo èyí tó ti fọ́. Ẹ to agolo ẹja òfìfo kiri orí koríko, ẹ tan omi, ẹ fi rúlà wọn ohun tó wà nínú ẹ̀. Tí òjò àti omi yín bá ti pé íǹṣì kan lọ́sẹ̀, ẹ pa á.