Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ń tẹ̀ síwájú

Góòlù nìkan kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n o. Ọjọ́ orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ọmọ tó bá ti pé 18 nígbà tó bá fi máa di September 15 ni wọ́n lè mú nínú draft NHL, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń yan àwọn ọmọ tuntun níkọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n bí ní September 16 á dúró di ọdún tó ń bọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ nìyẹn, tó bá wá ń fakọ yọ láàárín wọn, ẹ rọra pàtẹ́wọ́.

Ẹ wo líìgì tó wà náà. Póìntì díẹ̀ (góòlù tó jẹ àti èyí tó bá ẹlòmíì ṣe) láàárín àwọn àgbà ní SHL, líìgì tó ga jù ní Sweden, kì í ṣe kékeré fún ọmọ ọdún 18.

Èmi o, ojú àti ẹsẹ̀ ni mo máa ń wò jù. Kí puck, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ṣé ó ti bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń bọ̀, àbí igi ọwọ́ ẹ̀ ló tẹjú mọ́? Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó sáré tẹ̀ lé e, àbí ó dúró ń wo rẹfirí bí ẹni tí wọ́n jí fóònù ẹ̀? Ẹ wò ó lóṣù October, kẹ́ ẹ tún wò ó ní February, tí àṣìṣe kan náà bá ṣì wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ti gólì, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ẹ ní sùúrù gan-an, wọn kì í tètè gbó.

Tára ẹ̀ bá kéré, kó má dẹ́rù bà yín jù. Wọ́n ka Pavel Datsyuk náà sí ẹni tára ẹ̀ kéré, ipò 171 ni ẹgbẹ́ Detroit ti mú un nínú draft ní 1998, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ NHL.