Ìbàdí onírin tó tún wá ń dun yín: ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ irin yẹn

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Íbàdàn tí wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ẹ ti ń rìn dáadáa fọ́dún mélòó kan, àfi bó ṣe di pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú Micra báyìí, ibi tí itan ti pàdé ara níwájú á gún yín, ẹ máa di ilẹ̀kùn mú kẹ́ ẹ tó lè dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ. Orúkọ irin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Torí wọn ò rí bákan náà. Nígbà míì orí irin nínú ife oníke líle ni, nígbà míì ceramic (irú amọ̀ líle bíi ti àwo), nígbà míì irin nínú irin, ìyẹn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn ni ẹ̀tù cobalt àti chromium, àwọn irin tí wọ́n fi ṣe é, á máa bọ́ sínú ẹran ibẹ̀, á tún bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Irú ẹ̀ ni ASR ti ilé iṣẹ́ DePuy tí wọ́n kó kúrò lọ́jà lóṣù kẹjọ 2010, torí àwọn tó ń padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ ti pọ̀ jù.

Sítíkà kéékèèké máa ń wà nínú fáìlì iṣẹ́ abẹ, orúkọ ilé iṣẹ́, REF (nọ́ńbà irú irin náà) àti LOT (nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀) wà lára ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù, fáìlì mọ bí wọ́n ṣe ń sọnù. Tó bá jẹ́ Íńdíà lẹ ti ṣe é, ẹ kọ ímeèlì sí wọn.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ rí dókítà eegun, ní UCH tàbí ibòmíì, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ẹ̀: ṣé ó ń dún kọ̀, ṣé ó wú, ṣé etí ti ń di, ojú ń ṣú, ẹsẹ̀ ń ta yín, àyà ń já. Èèyàn kì í so àwọn tó gbẹ̀yìn yẹn mọ́ ìbàdí rárá, wọ́n á ní àgbà ló dé. Dókítà máa ní kẹ́ ẹ ya ẹ́síréè, á sì wò ó bóyá kòkòrò ló wọ̀ ọ́ tàbí ó kàn tú.

Tó bá kan àyẹ̀wò cobalt àti chromium nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ pe láàbù ṣáájú, ẹ bi wọ́n ṣé wọ́n ní ìgò tó wà fún irin, torí ìgò lásán lè kó irin tiẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ yín, owó á sì ti lọ. Ẹ dárúkọ fítámì tẹ́ ẹ ń lò, chromium wà nínú òmíràn, ẹ sì sọ tí kídìnrín bá ń yọ yín lẹ́nu. Ààlà tí ìlú ọba ń lò ni 7 microgram nínú líta ẹ̀jẹ̀ kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 3, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, MRI tàbí ultrasound, wo ẹran ibẹ̀. Nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń sọ pé kí wọ́n la yín o, àmọ́ tí scan bá ti fi hàn pé ẹran ń bàjẹ́, ẹ má fi falẹ̀, torí tí iṣan bá bàjẹ́ tán, irin tuntun ò ní rí ohun tó máa dì í mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fòníkúfọ̀ladìde (sickle cell), tẹ́ ẹ tètè pààrọ̀ tiyín, ẹ̀yin lẹ máa gbé e pẹ́ jù. Tó bá jẹ́ irin nínú irin, bí ò dùn yín rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.