Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Owó Yín Padà Lórí Ọjà Tí Ẹ Rà Lóru Lórí Dìkódà

Iṣẹ́ díìṣì ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ń wọ ilé oníbàárà láàárọ̀ kùtù bíi tèmi á mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ọ̀pọ̀ ilé kì í sùn. Ẹ ó bá a ní pálọ̀ níbi tó ti ń dá sọ̀rọ̀: ìgbànú tó ń fa ikùn wọlé, tíì tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìpara tó ní òun á mú arúgbó sáré. Àwọn tó ń rà á kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn tí ara ń ro, tí oorun ò kùn, ni wọ́n jókòó síbẹ̀ ní aago méjì òru.

Màámi wà lára wọn lọ́dún tó kọjá. Orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ọkùnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n béèrè pé, "Ìyá, ṣé orúnkún yín máa ń dún tí ẹ bá fẹ́ dìde?" Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé àwọn gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pe nọ́ńbà ìsàlẹ̀, wọ́n ti fi ₦38,500 ránṣẹ́ sínú àkáǹtì kan tó jẹ́ orúkọ ẹnìkan, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni ìgbànú náà fi wàyíbíìlì dé gáréèjì. N ò sí nílé. Màámi wá ádápítọ̀ fún un, wọ́n so ó mọ́ orúnkún, wọ́n tan iná sí i. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí èéfín fi yọ. Nígbà tí mo dé, òórùn rọ́bà jíjóná ṣì wà nínú yàrá, àmì dúdú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé sì wà lára ìró wọn. Mo gbé ìgbànú náà, mo wo pílọ́ọ̀gì rẹ̀: ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ. Mo yí àpótí kékeré tó wà lára okùn rẹ̀ wo: 110V ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn agbára iná tí wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa ní Nàìjíríà ju 220 lọ. Ọjà tí kò yẹ kó wọ ilé wa rárá ni wọ́n tà fún ìyá arúgbó, wọn ò sì kìlọ̀ fún wọn.

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé e sọ fún mi pé, "A kì í dá ọjà padà, sà, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n." Òótọ́ ló sọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà kékeré tí ẹni tó wọ awò gan-an ò lè kà.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kọ́ yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń bá jà. Ẹni tó ni ìkànnì máa ń ta ààbọ̀ wákàtí òru fún oníṣòwò, torí pé owó òru kéré sí ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń wòran. Fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni oníṣòwò yìí gbé wá. Nítorí náà, ẹ má lọ bá ọmọ tó ń gba owó dìkódà ládùúgbò jà, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni mẹ́ta lẹ nílò orúkọ wọn: oníṣòwò, ìkànnì, àti ilé-iṣẹ́ dìkódà tó gbé ìkànnì náà wá sílé yín.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe: ẹ padà lọ wo ìpolówó náà, kí ẹ sì ká a sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò lórí tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀rí yín, tí wọ́n bá sì ti yọ ọ́ kúrò, ó ti lọ nìyẹn. Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó ti tẹlifíṣọ̀n Màámi. Mo gbé fóònù mi ka orí ìgò mílíìkì kó má baà mì, mo jẹ́ kí orúkọ ìkànnì hàn lókè, mo sì kọ́kọ́ fi aago ògiri hàn kí n tó kọjú fóònù sí tẹlifíṣọ̀n. Lóru àkọ́kọ́, ọkùnrin náà pariwo pé, "Ó ku ogún péré!" Lóru kejì, ó ku ogún. Lóru kẹta náà, ogún ṣì ló kù. Ẹ̀rín kọ́ ló pa mí o. Ogún tí kì í tán yẹn ló mú kí ìyá mi sáré fowó ránṣẹ́ lóru láìpe ọmọ kankan.

Pẹ̀lú fídíò yẹn, ẹ kó ìwọ̀nyí jọ: rìsíìtì báńkì, wàyíbíìlì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lórí WhatsApp, àti fọ́tò ọjà náà, pàápàá ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ju páálí rẹ̀ nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láti tún un ṣe.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ló dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Abala 125 rẹ̀ kọ̀ fún oníṣòwò láti parọ́ nípa ọjà tàbí láti fi ọ̀rọ̀ ṣi oníbàárà lọ́nà. Òfin yìí kan náà fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó léwu tàbí tó lábùkù padà. FCCPC fúnra wọn ti sọ léraléra pé "kò sí àdápadà owó" tí àwọn oníṣòwò máa ń kọ síta kò lè fagi lé ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà tí mo ka èyí sétí Màámi, wọ́n ní kí n tún un kà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí oníṣòwò. Ẹ má bú wọn, ẹ má ṣépè. Bí mo ṣe kọ tèmi rèé: "Ní òru ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, lórí ìkànnì báyìí, ẹ sọ pé ìgbànú yín dára fún ilé gbogbo ní Nàìjíríà. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, 110V ni, ó sì gbiná lára ìyá mi. Fídíò àti fọ́tò wà nísàlẹ̀. ₦38,500 wa la fẹ́ láàárín ọjọ́ méje. Ẹ wá gba ọjà yín, owó ọkọ̀ yín ni." Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp àti íméèlì. Wọ́n kà á, wọn ò fèsì.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo gbé ẹ̀sùn lọ sí FCCPC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní fccpc.gov.ng. Òfin gbà yín láyè láti lọ bá wọn tààrà, ẹ ò nílò agbẹjọ́rò. Mo fi ẹ̀dà ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí oníṣòwò, mo sì fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí ìkànnì tó gbé ìpolówó náà. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù Màámi dún: owó ti wọlé, kò dín kọ́bọ̀.

Tó bá jẹ́ oògùn, tíì tàbí ìpara ni wọ́n ń polówó, ọ̀rọ̀ náà tún le ju èyí lọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, kí ẹ sì wá a nínú Greenbook wọn, àkójọ àwọn ọjà tí wọ́n ti fọwọ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní àgbo òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, ẹ má sì torí ẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Mo mọ oníbàárà mi kan tó pa á tì fún oṣù méjì. Ilé ìwòsàn ni mo ti lọ kí i.

Ní ti ìpolówó fúnra rẹ̀, òfin ARCON (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìpolówó) ti ọdún 2022 ní kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò fọwọ́ sí i kó tó jáde. Àjọ NBC ló sì ń ṣọ́ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì ń gba ẹ̀sùn. Ẹ máa kọ̀wé sí wọn, kódà bí ẹ ò tíì ra nǹkan kan.

Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé, "Ta ló máa gbọ́ tèmi?" Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà ní Àbújá pàṣẹ pé kí MultiChoice san ₦150 mílíọ̀nù owó ìtanràn, kí wọ́n sì fún àwọn tó ń lo DStv àti GOtv ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ẹjọ́ tó dá lé owó oṣù tí wọ́n fi kún. Oníbàárà kan ló gbé ẹjọ́ yẹn lọ.

Dìkódà púpọ̀ ló ní ibi tí ẹ ti lè fi nọ́ńbà àṣírí ti ìkànnì kan pa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe díìṣì yín fi hàn yín, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo béèrè lọ́wọ́ Màámi kí n tó ṣe tiwọn, torí pé ilé wọn ni, owó wọn ni. Wọ́n ní kí n tì í, àmọ́ àwọn ni wọ́n yan nọ́ńbà náà.

Ìgbànú náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Títí di òní, kò sẹ́ni tó wá gbà á.