£540 tí mo san lásán lórí bíréèkì Morris Minor mi

£540 ni mo san fún gáréèjì kan ní Kent níbí kí wọ́n bá mi tún bíréèkì ọkọ̀ mi ṣe. Wọ́n gba owó, wọ́n fún mi ní rìsíìtì, wọ́n ní bíréèkì ti dá ṣáká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, iná tráfíìkì pọ́n, mo tẹ pẹ́dà, pẹ́dà bá rọra ń wọlẹ̀ lọ bí ẹni tí oorun ń kùn. Háńbíréèkì ló kó mi yọ. Ó yẹ kí n dúpẹ́, àmọ́ èébú ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi.

Morris Minor 1000 ni ọkọ̀ náà, wọ́n ṣe é ní Cowley lọ́dún 1964, ẹ́ńjìnì 1098cc. Bàbá mi wa irú rẹ̀ n'Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi. Fọ́tò kan wà nílé tí wọ́n ti fẹ̀yìn ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú agbádá, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni títì. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ni àwọn ẹgbẹ́ mi tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń wá kiri. Kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Ìyàwó mi ò kọ́kọ́ gbà, àfìgbà tí mo sọ fún un pé ọkọ̀ tó ti lé lógójì ọdún, tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àtijọ́, kì í san ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà ní London lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. £12.50 là ń san nígbàkúùgbà tí a bá gbé ọkọ̀ díísù wa lọ kí ìyá rẹ̀ ní Peckham.

Irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ò nílò MOT náà mọ́ láti 2018, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lójú títì. Ẹni tó bá gbọ́ á ní oore ni wọ́n ṣe fún wa. Oore wo? Tí mẹkáníìkì bá ṣe màgòmágó, kò sẹ́ni tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò àfi ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ wà lórí pẹ́dà.

Mo pinnu pé n kò ní padà sí gáréèjì yẹn. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo fi ìdúró irin tì í, mo ṣí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lóòótọ́, bíréèkì ṣúù tuntun ni, àwọn sìlíńdà kéékèèké inú táyà náà sì tuntun. Mo wá ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mo ṣí ìdérí kékeré tó wà nílẹ̀ ibẹ̀. Master cylinder àtijọ́ ló ń wò mí yẹn, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì táyà tí a bá tẹ pẹ́dà. Ìdọ̀tí àti gíríìsì gbígbẹ bò ó, kò sí ojú sípánà kan lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ "gbogbo bíréèkì pátápátá" ni wọ́n kọ sínú rìsíìtì.

Ìgbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi sá fún un.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá rí master cylinder ní gbangba. Ti Morris Minor, inú irin ṣáṣíì ni wọ́n tì í bọ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Bóòtù gígùn méjì ló gún ṣáṣíì já tó dì í mú. Ibi tó sì yẹ kí bóòtù gbà jáde gan-an ni torsion bar gbà kọjá, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń ṣiṣẹ́ spring fún táyà iwájú. O máa tú nọ́ọ̀tì, bóòtù á yọ díẹ̀, á lọ forí sọ torsion bar, ó parí. Kò lọ, kò bọ̀. Alec Issigonis tó ya ọkọ̀ yìí, ọpọlọ rẹ̀ pé, n ò jiyàn. Kí wọ́n tó gbé e jáde ní 1948, ó wò ó pé ó tín-ín-rín jù, ó ní kí wọ́n là á sí méjì, ó fi ínṣì mẹ́rin kún ìbú rẹ̀. Ọ̀já pẹlẹbẹ tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dòní, àpá iṣẹ́ abẹ náà ni. Ẹni tó rí ínṣì mẹ́rin fún gbogbo ọkọ̀, kò rí ínṣì méjì péré fún bóòtù tèmi.

Ìwé àtúnṣe ní kí n tú torsion bar. Ìyẹn túmọ̀ sí títú apá ìsàlẹ̀ táyà iwájú, irin náà sì ń lọ́ pẹ̀lú agbára. Tó bá já mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá sọ tẹnu rẹ nílé ìwòsàn. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́. Sípánà tí mo mú lọ, mílímítà ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ínṣì ló mọ̀. Sípánà 13 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá nọ́ọ̀tì ìlàjì ínṣì mu, "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ló sì bà mí jẹ́: ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, etí nọ́ọ̀tì ti di róbótó. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀ ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe ni àbí ẹ̀ ń bá a jà?"

N ò dá a lóhùn. Sátidé kejì náà lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó tọ́ tí mo ti wá rà, torí ìpẹtà ti sọ nọ́ọ̀tì tó kù àti irin di ọ̀kan. Bàbá òyìnbó tó ń gbé ojúlé kẹta sí wa ló wá gbà mí. Wọ́n ti ní méjì irú rẹ̀ rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi torsion bar sílẹ̀, kí n gé bóòtù.

Mo wé aṣọ mọ́ ìdajì bíléèdì ayùn irin, mo dùbúlẹ̀ sórí páálí, mo sì ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, torí kò sí àyè ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ tí ọwọ́ lè lọ tó lè bọ̀. Ẹ̀tù irin ń já bọ́ sí mi létí. Bóòtù àkọ́kọ́ gbà mí ní wákàtí kan àtààbọ̀, ìkejì ò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí master cylinder jábọ́ sọ́wọ́ mi, mo pariwo débi tí ajá aládùúgbò fi dáhùn. Inú rẹ̀ ti jẹ bí eyín tó kẹ̀. Bíréèkì ọ́ìlì máa ń fa omi mọ́ra, tí a ò bá sì pààrọ̀ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, omi yẹn ni yóò máa jẹ irin láti inú.

Tuntun ni mo fi rọ́pò rẹ̀, £87. Bóòtù tuntun, mo kọ orí wọn sí òdìkejì, kí ẹni tó bá tún fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú lè fà wọ́n jáde láìfọwọ́ kan torsion bar. Mo fi èyí yangàn gan-an.

Títo páìpù padà àti lílé atẹ́gùn jáde nínú wọn ò nílò àlàyé. Ìyá Ìbejì ló bá mi tẹ pẹ́dà: "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú. Ẹ fi sílẹ̀." Nígbà tó yá, òun náà ń pàṣẹ fún mi. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ọ́ìlì náà. Èyí tó ta sílẹ̀ lára tèmi ká ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara ọkọ̀ náà kúrò lójú ẹsẹ̀ bí awọ àlùbọ́sà.

Tí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, sípánà onínṣì ni mo máa kọ́kọ́ rà, kódà ṣáájú ọkọ̀. Tí mo bá sì gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ní kó kó àwọn páàtì àtijọ́ tó yọ fún mi kí n tó sanwó. Ẹ má gbàgbé láti fi gíríìsì sí trunnion iwájú náà, ìyẹn oríkèé tí táyà iwájú fi ń yí. Èyí tó bá gbẹ lè jẹ́ kí táyà ṣẹ́ wọlé lábẹ́ ọkọ̀ lójú títì.

Mo kọ lẹ́tà sí gáréèjì, mo fi fọ́tò master cylinder àtijọ́ sí i. Wọ́n fèsì lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n ní ó dun àwọn, pé tí mo bá tún gbé ọkọ̀ náà wá, àwọn á yọ £50 fún mi.